Aṣọ Tí Kò Ní Bọ́tìnnì

Nínú ìdì òkìríkà ni mo ti rí i,
lọ́jà Kàbbà, lọ́jọ́ tí òjò kọ̀ tí kò dá:
kaba dúdú kan, ó gùn dé kókósẹ̀,
kò ní bọ́tìnnì, kò ní síìpù, kò ní òdòdó kan ṣoṣo.
Ihò abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ ló tò sí àyà rẹ̀
bí ojú ọ̀nà èèrà.
Ẹni tó ń tà á ní, "Gbé e lẹ́gbẹ̀rún.
Ta ló fẹ́ aṣọ opó?"

Tíṣà Ọlọ́runtọ́ba ló sọ irú ẹni tó ni ín fún mi:
àwọn Ámíṣì, lókè òkun lọ́hùn-ún,
tí wọ́n ń fi ẹṣin túlẹ̀, tí wọ́n ń fi píìnì de aṣọ
kí ìgbéraga má baà ríbi kọ́ sí.
Ó ní wọn ò fẹ́ iná mànàmáná nínú ilé.
Mo rẹ́rìn-ín títí, díẹ̀ ló kù kí n jábọ́ lórí àga.
Wọ́n kọ iná. Àwa, iná ló kọ̀ wá.
Ẹsẹ̀ la jọ fi ń wa máṣíìnì.

Mo bá ní màá rán méje,
àkójọ kan tí màá gbé lọ sí Lọ́kọ́já lóṣù Ọ̀wàrà,
gígùn bí ti wọn, aláìlẹ́nu bí ti wọn,
ṣùgbọ́n ohun tí Kàbbà dà nù ni màá fi rán an.
Àpò sìmẹ́ǹtì, tí bíríkìlà gbọn eruku rẹ̀ sí mi lójú.
Agboòrùn tí ìjì ṣẹ́ lápá.
Àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n fi sọgbà yí ilé ewúrẹ́ ká.
Àti bánà ìbò, méjìlélọ́gbọ̀n,
gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, eyín funfun, ìlérí funfun.
Mo yí ojú wọn sínú.
Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, òógùn rẹ̀ ni yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Ó ku pupa. Mo mọ ibi tó wà.
Mo gun ọ̀kadà lọ sí Bùnú, sọ́dọ̀ ìyá ìyá mi.
"Ọ̀kun o, Ìyé."
"Ọ̀kun, ọmọ mi. Kí lo tún wá mú?"

Nígbà tó wà lọ́mọge, búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù ni wọ́n ń tú,
fọ́nrán kan, fọ́nrán kan, títí ọ̀sán á fi dalẹ́,
wọ́n á fi òwú pupa ọ̀hún hun aṣọ ìpò
tí wọ́n ń ta sára ilé bí ẹni ńlá bá wọlẹ̀ sùn.
Aláìsàn ló kọ́kọ́ bò ó, olóyè ló gbẹ̀yìn rẹ̀.
Mo ní, "Ìyé, ohun tí èmi náà ń ṣe nìyẹn!"
Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ
tó ju ẹ̀pà nù, tó ń rún èèpo.
"Èmi, mo tú u fún òkú.
Ìwọ, ta ló kú?"

N kò ní èsì.
Mo tẹ́ kaba àpò sìmẹ́ǹtì síwájú rẹ̀.
Ó fọwọ́ pa ojú ìránṣọ, ó gbóòórùn rẹ̀.
Ó tọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wá a wá a, ó bọ́ sí òsì.
"Àpò dà?"
Mo ní àwọn tó ni àṣà náà... mo ní ìrẹ̀lẹ̀...
ohùn mi ń kólòlò.
"Aṣọ tí kò lápò, òkú ló ń wọ̀ ọ́.
Alààyè gbọ́dọ̀ ríbi fi áásà sí."

Ó fa agolo mílíìkì kan jáde lábẹ́ ibùsùn,
òwú pupa ká sínú rẹ̀ bí ejò tó ń sùn.
Kò fún mi lódidi. Ó wọ̀n ọ́n láti ìka dé ìgúnpá
lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi eyín já a.
"Fi ká ẹnu àpò. Nínú ni o.
Kí ojú ọjà má rí i."

Mẹ́fà ni mo gbé dé Lọ́kọ́já.
Ìkeje wà ní Bùnú, áásà ti ba inú àpò rẹ̀ jẹ́.
Ó ń wọ̀ ọ́ lọ sóko.